Ta ló ni òkú ọba? Àkọsílẹ̀ àríyànjiyàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje ọdún 2025 ni Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti wà lórí ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sunkún wọn nígboro kò mọ ọba mìíràn láyé wọn. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n sin wọ́n nílànà Mùsùlùmí. Kò pẹ́ rárá tí ìlú fi pín sí méjì. Àwọn oníṣẹ̀ṣe ní wọ́n ti fi òkú ọba du àwọn tó ni í. Àwọn Mùsùlùmí ní ẹni tó kírun títí tó fi lọ, ìrun náà ló yẹ kí wọ́n fi sin ín.

Àríyànjiyàn ìgboro yẹn, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ. Èyí tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni bó ṣe wọlé tọ̀ wá nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tí a ti ń jókòó ro ọ̀rọ̀ jinlẹ̀, bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká, àti ibi tí a bá a dé. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Àdéhùn wa ni pé ọ̀rọ̀ lè jáde kúrò níbi ìjókòó, orúkọ ẹni tó sọ ọ́ kò gbọdọ̀ bá a jáde.

Ẹgbẹ́ náà ò ní aṣọ. Nílùú tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ti ń dá aṣọ tuntun lọ́dọọdún fún Ojúde Ọba, ìyẹn nìkan ti tó kí àwọn ará àdúgbò máa fura sí wa. Yàrá ìkàwé kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Orí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé la ń jókòó sí, orúnkún àwọn àgbà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wọn láyà. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ló ń darí wa. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n á kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sójú pátákó, a ó máa tú u wò títí di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà la ó jọ mu gààrí pẹ̀lú ẹ̀pà ká tó túká. Gààrí yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá bá ọ jiyàn tó sì tún bu omi sí gààrí tìẹ, iyàn náà kò tíì di ìjà.

A kì í pọ̀. Bàbá kan wà nínú wa tó jẹ́ ọmọ Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo àwọn àgbà ìlú; àgbẹ̀ ni wọ́n lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Alfa kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Ìyá kan wà tó ń ta aṣọ, ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti kékeré. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan máa ń ti Àgọ́-Ìwòyè wá, níbi tó ti ń kọ́ ìmọ̀ filọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ. Mẹkáníìkì kan wà tó jáde ní Mayflower, Ìkẹ́nnẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tí Táì Ṣólárìn dá sílẹ̀ lọ́dún 1956. Bíi ti Ṣólárìn, kò gbà pé Ọlọ́run wà, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Télọ̀ kan sì ń ti Sábó ní Ṣàgámù wá. Haúsá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, àmọ́ bí ó bá ń sọ èdè Rẹ́mọ, o ò ní mọ̀.

Òfin méjì péré la ní. Èkíní ni pé kí o tó dá ẹnì kan lóhùn, kọ́kọ́ sọ ohun tó sọ padà fún un, títí yóò fi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo wí nìyẹn." Èkejì ni pé ẹnikẹ́ni lè ka Kùránì, Bíbélì tàbí ẹsẹ Ifá, kò sáà gbọdọ̀ fi pa ẹnu ẹlòmíràn dé.

A tún ní ètò kan. Oṣù kan wà fún ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, oṣù kan fún ọ̀rọ̀ ìṣèlú, oṣù kan fún ọ̀rọ̀ àlàáfíà, ká tún wá bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó dára lójú. Ẹni tí kò bá fẹ́ dá sí ìṣèlú lè jókòó sílé lóṣù ìṣèlú. Lójú tèmi, ètò yìí gan-an ló kó wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Oṣù ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ òkú ọba bọ́ sí, nítorí náà a fi lé àwọn ẹlẹ́sìn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mú ọ̀rọ̀ òfin wá. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tí ipò tó ṣí sílẹ̀ kàn. Bẹ́ẹ̀, nǹkan méjèèjì yìí ló wà lọ́kàn gbogbo ìlú bí wọ́n ṣe ń jiyàn nípa ibojì.

"Ta ló ni òkú ọba?" ni Tíṣà kọ sójú pátákó lọ́jọ́ náà. Yàrá kún ju bó ṣe máa ń kún lọ.

Bàbá Òṣùgbó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ò bá ẹ̀sìn kankan jà. Ọba wọ ìpèbí, ilé tí wọ́n ti ń ṣètùtù fún ọba tuntun, ó gbà kí wọ́n ṣe àwọn ètùtù kan fún òun, àwọn ètùtù yẹn ló sọ ọmọ ènìyàn di ẹni tí àwọn àgbà tó bí i lọ́mọ ń dọ̀bálẹ̀ fún. Àdéhùn ni, wọ́n ní. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kí wọ́n má gbé e gba ojú fèrèsé jáde. Wọ́n tún ní ètùtù ìkẹyìn kì í ṣe ti ẹni tó lọ nìkan, ti ẹni tó ń bọ̀ náà ni: bí wọn ò bá parí ti àná, ibo ni ti ọ̀la yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Alfa sọ ọ̀rọ̀ náà padà bó ṣe yẹ. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Alfa wá ní ẹ̀tọ́ wà tí òkú Mùsùlùmí ní lọ́rùn àwọn alààyè: kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi aṣọ funfun dì í, kí wọ́n kírun sí i lára, kí wọ́n sì sin ín láìfi falẹ̀. Ọba ni o, alágbe ni o, ẹ̀tọ́ náà kò yàtọ̀. Tíṣà fi kún un pé láyé ìgbà tí Ìjẹ̀bú ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àlejò, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọn lọ́dún 1892, kò rọrùn fún oníwàásù láti wọ ìlú yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí gbilẹ̀, Awùjalẹ̀ sì fún gbogbo wọn láyè. Ojúde Ọba tí à ń ṣe lọ́jọ́ kẹta Iléyá, inú ọpẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí wá ń dá lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ ló ti jáde. Tíṣà béèrè pé: ọba tó fún gbogbo ẹ̀sìn láyè, ṣé òun nìkan ni kò ní ní àyè ti ara rẹ̀?

Títí dé ibẹ̀, mo rò pé ọjọ́ náà yóò dára. Ọmọkùnrin kan tí a kò rí rí dìde lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ ò kúkú ní sọ òótọ́. Ẹ̀yà ara ọba lẹ fẹ́ gé."

Ó yẹ kí Tíṣà dá a dúró. Wọn ò dá a dúró. Ó yẹ kí Alfa ní òun kọ́ ló rán an níṣẹ́. Alfa ní, "Ohun tí ìlú ń sọ náà nìyẹn."

Bàbá mú fìlà wọn lórí bẹ́ńṣì. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá yín jókòó níbí. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú yín bi mí pé, 'Bàbá, kí lẹ máa ń ṣe nínú ilédì, ilé Òṣùgbó yín?' Ẹ ò bi mí nítorí pé ẹ ti mọ̀ ọ́n tán." Wọ́n jáde. A kò mu gààrí lọ́jọ́ náà. Mo ka ohun tí wọ́n wí yìí sí ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa la gbà pé ọ̀wọ̀ ni a fi ń wò wọ́n tí a kò fi béèrè. Kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ẹ̀rù ni fún àwọn kan, ẹ̀gàn ni fún àwọn mìíràn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló bo méjèèjì mọ́lẹ̀, a sì ń pè é ní àlàáfíà.

Ìyá aláṣọ, mẹkáníìkì àti èmi la lọ bá wọn lóko. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n fún wa ní àpótí jókòó, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìyá fa ọ̀bẹ kan yọ nínú agbọ̀n, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí abọ́ kún, bàbá ní nǹkan wà tí àwọn ti búra pé àwọn ò ní sọ, nǹkan wà tí àwọn lè sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ìkejì sì pọ̀ ju ìkíní lọ. Wọ́n ní àwọn yóò padà wá bí a bá lè gba nǹkan méjì: kí a má fipá béèrè èyí tí wọ́n búra lé, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fẹ̀sùn kan wọn sì kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè. Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, èmi tí mi ò gba nǹkan kan gbọ́, mo gba ìyẹn." Bàbá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Alfa kò bá wa lọ. Òun nìkan ló dá lọ lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, lẹ́yìn ìrun alẹ́. Ohun tí wọ́n jọ sọ kò hàn sí wa, a kò sì béèrè.

Ìjókòó kejì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Tíṣà nu ètò olóṣù mẹ́ta kúrò. Wọ́n ní fún wákàtí kan gbáko, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ èrò rẹ̀. Ìbéèrè nìkan la fẹ́ gbọ́. Ó ṣòro fún wa. Ẹnu àwọn kan ń yún wọn. Àmọ́ ìbéèrè tó jáde lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ ní láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé ara méjì ni ọba ní: ara tí ìyá rẹ̀ bí, tó ń ṣàìsàn tó sì ń kú, àti ara ìjọba, tí ikú kò lè mú. "Bàbá," ló bi ọmọ Òṣùgbó, "èwo nínú méjèèjì lẹ̀ ń béèrè?" Bàbá ronú títí. Wọ́n ní ó dàbí pé àwọn babańlá wa mọ ohun tí ọmọ yìí ń wí, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sọ pé ọba kú. Wọ́n ní èkejì ni àwọn ń wá. Alfa dáhùn kíá pé èkíní ni Mùsùlùmí ń sin. Ó wá bi bàbá ohun tó yẹ kó ti bi wọ́n níjelòó: ǹjẹ́ ètùtù wà tí a lè ṣe láìsí òkú níbẹ̀? Bàbá ní, "Ibi tí mo lè sọ dé nìyí: ó wà."

Mo rò pé ìdáhùn oníhóró ọ̀rọ̀ kan yẹn tọ́ sí gbogbo ariwo tó ṣáájú rẹ̀.

Mẹkáníìkì ló mú ìjọba wọ̀ ọ́. Ó bi wá bóyá a mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Ògùn ní òfin kan, òfin ọdún 2021 lórí ìwúyè àti ìsìnkú àwọn ọba, tó fún ìdílé ọba láyè láti sin ín nílànà ẹ̀sìn rẹ̀. Díẹ̀ nínú wa ló mọ̀. Ó bi wá bóyá ẹ̀ka kejìdínlógójì nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó fún oníkálukú lómìnira ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, yọ ọba sílẹ̀. Ẹnì kan ní ìjọba ò tíì wọ ààfin báyìí rí. Ó bi onítọ̀hún pé ta ló tẹ ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ìdílé mẹ́rin tó ń jẹ Awùjalẹ̀ sí lọ́dún 1959. Àti pé láyé Gómìnà Bísí Ọnàbánjọ, tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa, ta ló fẹ́ fi kálámù yọ Awùjalẹ̀ lórí oyè? Gbogbo ilé dákẹ́. Òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti wà láàfin. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tí a ń sọ, lábẹ́ òrùlé ìṣèlú la ti ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni télọ̀ láti Ṣàgámù sọ̀rọ̀. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ní lóṣù Keje ọdún 1999, nígbà tí ìjọba alágbádá ò tíì pé oṣù méjì, wọ́n ń ṣe Orò ní Ṣàgámù, wọ́n pa obìnrin Haúsá kan, wọ́n ní ó jáde nígbà tí kò yẹ kó jáde. Ìjà bẹ́ láàárín Haúsá àti Yorùbá. Ilé jó, dúkìá ṣòfò, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti ń gbẹ̀san ní Kano lára àwọn Yorùbá tí kò dé Ṣàgámù rí. Ó ní, "Gbogbo ènìyàn ní ọ̀rọ̀ Orò ni. Àwọn tó kú ní Kano kò mọ Orò. Àwọn tó kú ní Sábó, omi àti oúnjẹ ọmọ wọn ni wọ́n ń wá. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ẹ jẹ́ káwọn ẹlẹ́sìn yanjú ẹ̀, àyà mi máa ń já. Ẹlòmíràn ló máa ń sanwó rẹ̀."

Ó bá yí sí bàbá Òṣùgbó. "Bàbá, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ̀ ń sọ pé ìlú ló ni ọba, ṣé mo wà nínú ìlú yẹn?"

Bàbá ní, "Wọ́n bí ọ síbẹ̀. O wà níbẹ̀." Wọ́n tún un sọ kí gbogbo wa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àga ni mo fẹ́ sọ kíákíá. Bí a ṣe ń bu gààrí, ọkùnrin kan tó múra dáadáa wọlé. Ó ní òun gbọ́ pé ọlọ́gbọ́n ènìyàn ló ń pàdé níbí. Ọ̀gá òun, tí ọ̀rọ̀ oyè kàn, fẹ́ fún wa ní àga oníke àti ẹ̀rọ mànàmáná. Kí a kàn fi ọ̀gá náà ṣe bàbá ìsàlẹ̀ wa ni. Ìyá aláṣọ ló dá a lóhùn: "Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá wa kí wọn. Orí bẹ́ńṣì yìí náà la ó máa jókòó sí." Inú bí àwọn ọ̀dọ́ méjì kan, wọ́n ní ẹ̀yìn ń ro àwọn. Èmi dúró ti ìyá. Ìdílé Fùsẹ̀ńgbùwà ni ipò kàn lẹ́yìn Aníkìnáíyà, ìdílé ọba tó wàjà, àwọn ọmọ oyè sì ń yọ ojú. Bí a bá jókòó lórí àga ẹnì kan nínú wọn, kò sẹ́ni tí yóò tún gbà pé ìbéèrè la fi ń béèrè.

Kò sẹ́ni tó borí nínú iyàn náà. Alfa ṣì gbà pé ohun tí wọ́n ṣe lóṣù Keje ló tọ́, bàbá ṣì gbà pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Ohun tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ni pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dúró di ọjọ́ tí aṣọ funfun bá délẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi jẹ ọba, kó tó wọ ìpèbí, kó sọ níwájú àwọn afọbajẹ, ìdílé rẹ̀ àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn bí wọn yóò ṣe sin òun, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn afọbajẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó gbà á. Bí wọn ò bá fara mọ́ ọn, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Mo gbà pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn. Òfin 2021 gba ìdílé sílẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sọ ohun tí ìlú yóò ṣe pẹ̀lú ọ̀fọ̀ tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì ráyè ṣọ̀fọ̀ á máa wá ẹni tí yóò bá jà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ìwé kan péré. Bàbá ní kí ó yọ ìlà kan tó dárúkọ àwọn ètùtù, ó yọ ọ́. A kò tíì fi ránṣẹ́ síbì kankan. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ṣì ń du oyè, ẹni tó bá rí i á rò pé ẹnì kan ni à ń tì lẹ́yìn. Tíṣà ní kí a dúró títí ọba tuntun yóò fi gorí ìtẹ́. Mẹkáníìkì ní nígbà yẹn, ó ti pẹ́ jù fún ọba náà. Iyàn yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Ìbéèrè tó kàn sì ti wà lójú pátákó. Ìyá aláṣọ ló gbé e kalẹ̀ nígbà tí gbogbo wa rò pé a ti parí. Wọ́n ní láti oṣù Keje, ọkùnrin ni gbogbo ẹni tí àwọn ń gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ nípa òkú ọba: alfa ni o, Òṣùgbó ni o, ìjọba ni o. Bí Agẹmọ bá ń lọ sí Ìmọ̀sàn, obìnrin ò gbọdọ̀ rí i. Bí Orò bá jáde, inú ilé lobìnrin ń wà. "Ẹ ní ìlú ló ni ọba. Ní wákàtí tí wọ́n bá ní kí n tilẹ̀kùn, ṣé mo ṣì wà nínú ìlú?" Alfa yí ojú sí bàbá, bàbá ní kí ó má wo àwọn nìkan, kí òun náà wo ibi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí ní mọ́ṣáláṣí. Bàbá wá ní àwọn nìkan ò lè dáhùn ìbéèrè ìyá, nítorí pé obìnrin wà nínú Òṣùgbó, Erelú sì ni oyè tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n lọ bá ọ̀kan sọ ọ́, ó ti gbà láti wá, ó sì ti ránṣẹ́ sí ìyá aláṣọ pé kí wọ́n kọ àwọn ìbéèrè wọn sílẹ̀ kí òun tó dé.